Owó-oṣù Tíṣà ní Ìlú Òyìnbó: Ta Ló Gé £847 Náà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó-oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà 2025. £32,916 lọ́dún ló wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀, ìyẹn £2,743 lóṣù, àmọ́ £1,896 ló wọ báńkì. Ẹ ní gbogbo ará ilé ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń sọ pé iléèwé náà ń rẹ́ ẹ jẹ, pé kó lọ kojú ọ̀gá. Ẹ sọ fún un pé kó dúró ná. Àṣìṣe wà nínú owó yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iye tí ẹ kọ yìí, kò jọ pé ọwọ́ iléèwé wà níbẹ̀.

Ẹni tó ti ṣe tíṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé owó-orí, owó ẹgbẹ́ NUT àti ti alájẹṣẹ́kù ti máa ń lọ kí owó tó dé ọwọ́ ẹni. Bí nǹkan ò bá yé wa nílé, ọ̀dọ̀ akáùntáǹtì la máa ń sáré lọ. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ṣe ìwé owó-oṣù ò láṣẹ láti yí owó-orí padà. Kóòdù tí HMRC, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba wọn, bá fi ránṣẹ́ sí i ló máa lò. Bí kóòdù ò bá tíì dé, òfin ti sọ èyí tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí iléèwé fúnra rẹ̀ gé nìkan la lè bá iléèwé fà. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ owó-orí lọ bá ọ̀gá iléèwé, ẹjọ́ ibi tí kò sí ló ń rò.

Ẹ jẹ́ ká tú £847 náà palẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà, Teachers' Pension, jẹ́ 7.4% ní ìpele owó tirẹ̀: £203. National Insurance, owó ìbánigbófò ìjọba tí wọ́n máa ń kọ ní NI, jẹ́ 8% lórí ohun tó bá lé lórí £1,048 lóṣù: £136. Méjèèjì tọ́. Èyí tó kù jẹ́ £508, owó-orí nìyẹn. Wọ́n máa ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, nítorí náà orí £2,540 ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, 20% rẹ̀ sì ni £508 gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé wọn ò yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ òfin yọ̀ǹda £12,570 lọ́dún tí owó-orí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Kó wo ibi tí wọ́n kọ Tax code, ìyẹn kóòdù owó-orí, sí lórí péésílíìpù rẹ̀, ìwé tó ń ṣàlàyé owó-oṣù. 1257L, tó dúró fún £12,570 yẹn, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá bá 0T M1 tàbí BR, àwọn kóòdù tí kì í yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹni, a ti rí ibi tó ń jò.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tíṣà tó bá ti iléèwé kan lọ sí òmíràn lọ́hùn-ún máa ń mú ìwé tí wọ́n ń pè ní P45 dání, tó ń sọ owó tó ti gbà àti owó-orí tó ti san. Ẹni tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ò ní í, fọ́ọ̀mù starter checklist ló máa kún dípò rẹ̀. Bí kò bá kún un, tàbí bí fọ́ọ̀mù náà bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé oṣù yẹn dé, 0T ni wọ́n máa lò. Nínú fọ́ọ̀mù náà, ó máa yan A, B tàbí C. A wà fún ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ àkọ́kọ́ fún láti 6 Éépírì, ọjọ́ tí ọdún owó-orí wọn ń bẹ̀rẹ̀. B wà fún ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà ṣùgbọ́n tó ti fi í sílẹ̀. C ni ti ẹni tó ṣì ní iṣẹ́ mìíràn tàbí tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, òun ló sì ń bí BR. Tíṣà tí TESCOM, àjọ tó ń gba tíṣà síṣẹ́ nílé, fún láyè láti lọ, tí kò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, lè fòótọ́ inú yan C kó sì fi bẹ́ẹ̀ kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Fọ́ọ̀mù yìí kan náà ló ń béèrè nípa Student Loan. Owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yá akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń sọ o. Ẹni tó bá jẹ gbèsè NELFUND, owó tí ìjọba Nàìjíríà ń yá akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ti báńkì nílé ò gbọdọ̀ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má baà máa gé 9% lórí apá kan owó rẹ̀ fún gbèsè tí kò jẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kó wọ àkáùntì owó-orí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, personal tax account, tàbí kó pe HMRC ní 0300 200 3300, kó ní nọ́ńbà National Insurance rẹ̀ lọ́wọ́ àti nọ́ńbà PAYE iléèwé, èyí tí HMRC fi mọ agbanisíṣẹ́, tó wà lórí péésílíìpù. Kó sọ ọjọ́ tó wọ ìlú, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. HMRC máa fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ sí iléèwé, owó tí wọ́n gé jù á sì bá owó-oṣù tó tẹ̀ lé e wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan máa ń polówó pé àwọn á bá tíṣà gba owó-orí padà, wọ́n á sì gba ìpín nínú rẹ̀. Ohun tí ìpè kan lè ṣe ni wọ́n ń tà.

Ibi tó máa ń da ilé rú jù rèé, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kó yé. Lẹ́tà M1 túmọ̀ sí pé oṣù yẹn nìkan ni wọ́n wò. Bí M1 bá kúrò, tí 1257L ṣẹ́ kù lásán, wọ́n á ka gbogbo oṣù láti Éépírì mọ́ ọn. Àbúrò yín ò gba owó-oṣù kankan níbẹ̀ láti Éépírì sí Ọ́gọ́ọ̀sì, àyè tí owó-orí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún oṣù márùn-ún yẹn sì ti jọ dè é. Bí kóòdù bá tọ́, kò yẹ kó san owó-orí rárá ní Sẹ̀tẹ́ńbà: £2,404 ló yẹ kó gbà. Ká ní wọ́n tún un ṣe ní Òkítóbà, £2,912 ni yóò wọlé, tó ju owó ojú ìwé rẹ̀ gan-an lọ, nítorí £508 yẹn ti padà. Nòfẹ́ńbà á jẹ́ £2,404. Ní Dìsẹ́ńbà, àyè yẹn á ti tán, owó-orí á bẹ̀rẹ̀: nǹkan bíi £2,259. Láti Jánúárì, ó di £2,106, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó Òkítóbà ṣe ìlérí ilé kíkọ́ o, ẹ má sì tún pariwo ní Jánúárì pé wọ́n ti ń gé owó lọ́nà àìtọ́. £2,106 ni owó rẹ̀.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀pọ̀ ará ilé ló máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n jáde nínú rẹ̀. Wọ́n lè jáde lóòótọ́, bí wọ́n bá sì tètè ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tí wọ́n ti gé á padà bí ẹni pé wọn ò wọlé rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dá £203, 28.68% ni agbanisíṣẹ́ ń dá sí i lórí owó rẹ̀. Ẹni tó bá pé ọdún méjì níbẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì tó máa gbà lọ́jọ́ ogbó. Ẹni tí kò pé é lè béèrè ìdá tirẹ̀ padà. Lójú tèmi, £203 yẹn kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ dojú kọ.

Èyí tí iléèwé fúnra rẹ̀ gé ni kó ṣọ́ lójú méjèèjì: owó físà, owó ilé, owó tí wọ́n yá a kó fi tẹ̀dó, tàbí ìlà kan tí wọ́n kàn kọ Adjustment sí. Òfin iṣẹ́ 1996 wọn sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ gé owó àfi bí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, bó bá wà nínú ìwé àdéhùn, tàbí bí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ síwèé ṣáájú. Immigration Skills Charge tí iléèwé ń san fún ìjọba nítorí òṣìṣẹ́ òkèèrè, wọn ò gbọdọ̀ dì í lé òṣìṣẹ́ lórí rárá, ì báà fọwọ́ síwèé. Àmọ́ bí wọ́n bá san owó lé fún un lóṣù kan, òfin gbà kí wọ́n gbà á padà; ohun tó lè béèrè ni pé kí wọ́n pín in sí oṣù bíi mẹ́rin.

Kó kọ ọ́ sínú í-méèlì, kó má fẹnu lásán sọ ọ́. Kó dárúkọ ìlà tó wà lórí péésílíìpù, ọjọ́ àti iye rẹ̀, kó wá béèrè: abala wo nínú ìwé àdéhùn ló fàyè gbà á, ìwé wo ni mo fọwọ́ sí, báwo lẹ ṣe ṣírò rẹ̀? Kó fún wọn ní ọjọ́ tó ń retí èsì. Kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tíṣà tó bá wà, NEU tàbí NASUWT. Bí wọn ò bá dáhùn, Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ló kàn, 0300 123 1100, kó tó di ti ilé-ẹjọ́ iṣẹ́. Kó má jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan láti ọjọ́ tí wọ́n gé e. Ìlérí pé a máa yanjú rẹ̀ ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀ ò dá ọjọ́ yẹn dúró.

Bó bá wálé sin òkú, tí wọn ò sanwó ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀, kó wo nọ́ńbà tí wọ́n fi pín owó ọdún rẹ̀ láti mọ ti ọjọ́ kan. 365 ni Burgundy Book, ìwé àdéhùn àwọn tíṣà, ń lò: £90 lọ́jọ́ kan. Àwọn kan máa ń fi 195 pín in, ó wá di £169. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ìyàtọ̀ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé £400.

Ti ọkọ rẹ̀ tí ẹ fi kún un pé ajẹ́ńsì ń rán káàkiri iléèwé lójoojúmọ́ yàtọ̀. Bí iléeṣẹ́ umbrella, èyí tó ń gbà á síṣẹ́ tó sì ń sanwó fún un dípò ajẹ́ńsì, bá wà láàárín, iye tí ajẹ́ńsì dárúkọ fún un kì í ṣe owó rẹ̀: wọ́n máa ń yọ NI agbanisíṣẹ́, 15%, owó levy 0.5% tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba nítorí ìkọ́ṣẹ́, àti èrè umbrella kí wọ́n tó dé orí owó tí wọ́n máa gé owó-orí rẹ̀. Kó béèrè Key Information Document kó tó fọwọ́ síwèé; ọ̀ranyàn ni fún ajẹ́ńsì láti fún un, àpẹẹrẹ owó tó máa délé sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń san owó ìsinmi rẹ̀ mọ́ ti ojoojúmọ́ ni àbí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, torí bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, àfi kó béèrè fún un kí ọdún ìsinmi náà tó parí.