Kì í ṣe àhesọ nìkan ni wọ́n gbọ́ nípa Ìsìláàmù

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé àhesọ lásán làwọn onímọ̀ Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù ní Sànmánì Agbedeméjì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, fi ń kọ̀wé nípa Ìsìláàmù. Àhesọ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Orin akọni ilẹ̀ Faransé kan tiẹ̀ sọ pé ère ni Mùsùlùmí ń bọ! Ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó ti ìwé. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ òru to Kùránì ti Látìn àti ti Lárúbáwá síwájú, ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Lọ́dún 1142, Peter the Venerable, ọ̀gá àwọn mọ́ńkì Cluny ní ilẹ̀ Faransé, lọ sí Sípéènì. Ó rí àwọn tó gbọ́ Lárúbáwá níbẹ̀, ó sì fi owó gidi gbé iṣẹ́ fún wọn. Robert ti Ketton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ gbé débẹ̀, ló túmọ̀ Kùránì sí Látìn, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1143. Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Muhammad wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Peter kò kúkú fi bò: kó lè rí ohun tó máa fi ta ko ẹ̀sìn náà ló ṣe náwó.

Bí ẹ bá fẹ́ ka iṣẹ́ Robert, ẹ má fi nọ́ńbà súrà, ìyẹn orí Kùránì, wá nǹkan kan, ẹ máa ṣìnà. Ó gé àwọn súrà gígùn ìbẹ̀rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé tirẹ̀ ju 114 tó wà nínú Kùránì lọ. Ẹ tún máa bá gbólóhùn tí kò sí nínú Lárúbáwá rárá. Ẹ má tíì pè é nírọ́. Ẹ ṣí tafsir, ìyẹn ìwé àlàyé Kùránì, bíi ti àáfà àtijọ́ tó ń jẹ́ al-Tabari, ibẹ̀ lẹ máa ti bá a lọ́pọ̀ ìgbà. Àlàyé àwọn àáfà ló pò mọ́ ẹsẹ, láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ọkùnrin yẹn kàwé, bí àkọlé ìwé náà tilẹ̀ pe Ànábì ní wòlíì èké.

Ní nǹkan bí ọdún 1210, Mark ti Toledo ní Sípéènì náà túmọ̀ Kùránì sí Látìn, ó sì tẹ̀ lé Lárúbáwá pẹ́kípẹ́kí. Òun ni mo fi ń yẹ Robert wò. Àwọn tó kà á kò tó nǹkan. Ti Robert ni wọ́n padà tẹ̀ ní Basel lọ́dún 1543.

Ẹ má gbàgbé Riccoldo da Monte di Croce, àlùfáà ọmọ Florence ní Ítálì, tó gbé Bàgídáàdì. Nínú ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀, ó yin ìrun kíkí àwọn Mùsùlùmí, sàárà wọn àti bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀kan ṣoṣo kò tíì mọ Riccoldo.