Owó iléèwé ti di kámẹ́rà

Lẹ́tà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 21 ni mí. Iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ni mò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá Yaba, mo ti wà ní ND2. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta léèsì ní Balógun ló ń san owó iléèwé mi láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Owó tí wọ́n fún mi lọ́dún yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dá owó, a fi ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ n'Ìkẹjà. Ní kíláàsì, ìwé la ń kọ ṣáá. Ní lokéṣọ̀n, mò ń gbé kámẹ́rà. Ọ̀gá kan ní Surulere ti ní kí n wá dúró ti òun láti oṣù Kìíní. Ogunde náà kò ṣáà lọ sí iléèwé fíìmù. Ṣé kí n fi iléèwé sílẹ̀ ni? Kí sì ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?
— Oníkámẹ́rà, Ṣómólú

Ìdáhùn

Oníkámẹ́rà, ọmọ mi, ìbéèrè méjì lo bi mí, o sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Owó ẹ̀gbọ́n rẹ ni kò jẹ́ kí o sùn. Ká ní o ti san owó iléèwé ni, o ò ní máa wá Ogunde kiri.

Ṣùgbọ́n o ti pe orúkọ baba, ẹ jẹ́ ká kúkú yanjú tiwọn kíá. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Hubert Ogunde ń ṣe kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gbé fíìmù Aiye jáde ní 1979, ta ni wọ́n pè láti darí rẹ̀? Ola Balogun, ẹni tó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris. Baba mọ eré orí ìtàgé dé góńgó, wọ́n sì mọ ibi tí ìmọ̀ tiwọn mọ, ni wọ́n bá lọ mú ẹni tó mọ èyí tó kù. Tunde Kelani ńkọ́? Nídìí kámẹ́rà ni wọ́n wà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV n'Íbàdàn kí wọ́n tó lọ jókòó sí kíláàsì ní London Film School. Kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà o. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ?

Mo gbọ́ ohun tí o sọ nípa ìwé kíkọ. Àwọn iléèwé wa kan wà tí odindi kíláàsì á to yí kámẹ́rà kan ṣoṣo ká, iná á sì lọ kó tó kàn ọ́. Mi ò ní gbè wọ́n. Àmọ́ lokéṣọ̀n náà, ta ló ráyè ọ̀rọ̀ níbẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, oòrùn ń lọ, onílé ń béèrè ìgbà tí ẹ máa ṣe tán. Wọ́n á ní kí o gbé e síbí, o gbé e síbí. Jẹ́ kí n bi ọ́: tí àwọn méjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí ló dé tí olùdarí kì í fẹ́ kí kámẹ́rà ré kọjá sí òdìkejì wọn? Nítorí pé lójú ẹni tó ń wò ó, ńṣe ni àwọn méjèèjì á dà bí ẹni tó jọ kọjú sí ibì kan náà. Kí ló dé tí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fi máa ń bẹ gbogbo yín pé kí ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó palẹ̀ mọ́, kó lè gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀? Ìdákẹ́jẹ́ Muṣin kì í ṣe ti Ìkòyí, ẹni tó máa to fíìmù náà yóò sì nílò rẹ̀ láti fi dí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Ta ló ń kọ ìwé àdéhùn tí onílé máa fọwọ́ sí? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá kó má bàa tán lọ́jọ́ keje? Tí o bá lè dáhùn gbogbo ìwọ̀nyí láìwo ẹ̀yìn, máa bá ọ̀gá rẹ lọ. Tí o ò bá lè dáhùn, kíláàsì tí o ń sá fún ṣì ní nǹkan tirẹ lọ́wọ́.

Ọ̀gá náà, mi ò mọ̀ wọ́n, mi ò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n "wá dúró tì mí" kì í ṣe owó oṣù. Ṣé ọjọ́ ni wọ́n á máa san, àbí iṣẹ́? Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀? Owó ọkọ̀ àti ìrẹsì ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà ní Surulere níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí màá sọ fún wọn tí n bá jẹ́ ìwọ nìyí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ND. Ẹ máa lò mí ní Sátidé àti nígbà ìsinmi. Ọdún kan tí wọ́n ní ká fi ṣiṣẹ́ ká tó wọ HND, ọ̀dọ̀ yín ni màá ti ṣe é." O kò purọ́, ọdún kan yẹn wà nínú ètò, ọ̀dọ̀ wọn lo sì ti lè ṣe é. Tí wọn ò bá lè dúró fún oṣù díẹ̀, o ti mọ irú ọ̀gá tí wọ́n jẹ́. ND nìkan kì í sì í gbé èèyàn dé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. HND ló ń gbé e dé. Ọ̀rọ̀ yìí lè má jọ ọ́ lójú lónìí.

Kámẹ́rà wá kù. Má sáré tà á, ẹ máa pàdánù. Kò sí Sátidé tí wọn kì í ṣe ìgbéyàwó l'Ékòó. Ẹ fi máa ya òde, kí ẹ sì máa yá a jáde fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú yín máa bá a lọ. Kí owó tó bá kọ́kọ́ wọlé lọ sí iléèwé. Lọ bá àwọn tó ń gbowó iléèwé, bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé lónìí: èló ni kálukú mú wá, ta ló máa tún un ṣe tó bá já bọ́, ta ló máa ra ti ẹnì kejì tí ẹ bá pín yà. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tó tú ká nítorí lẹ́ǹsì kan ṣoṣo.

Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ. Má purọ́ fún wọn, má tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní owó òwò, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yé wọn ju bí o ṣe rò lọ. Bí o ṣe fi pamọ́ ló máa dùn wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á ti máa gbà ọ́ níyànjú kí o wá àgbà tó máa bá ọ bẹ̀ wọ́n. Ní tèmi, àgbà kọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kó dọ̀bálẹ̀ kí o jẹ́wọ́. Tí inú wọn ò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni kí o lọ pe àbúrò bàbá yín.

Má sì lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù níwájú oníbàárà. Ọjọ́bọ̀ ni ìmọ́tótó ọjà l'Ékòó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí títí di aago mẹ́wàá, ilé ni wàá bá wọn láàárọ̀. Mú rìsíìtì kámẹ́rà dání, mú ìwé àdéhùn ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ dání. Fi ọ̀rẹ́ náà sílé.