Ọmọ mi ní kí n ṣàlàyé coup d'état

Ìbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí, Manchester ni mo ń gbé. Wọ́n fún ọmọkùnrin mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kó ṣàlàyé coup d'état, kó sì sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí revolution. Mo ní ìfipágbàjọba ni. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ipá ni méjèèjì?" Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe là á yé e? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń pè é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí o, màmá wa. Ọmọ yín bi yín ní ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ti wà nínú ìjọba ló ń ṣe coup: ọ̀gágun, mínísítà, ààrẹ pàápàá. Revolution ní tirẹ̀, ìgboro ló ti máa ń ru sókè. Ará ìlú á tú jáde, ètò tí wọ́n bá nílẹ̀ á sì wó, bíi ti ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1789.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Paris lọ́dún 1851, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sójà tó fẹ́ gorí àlééfà nìkan ló ń ṣe coup. Louis-Napoléon Bonaparte ti wà lórí àlééfà ní tirẹ̀. Wọ́n dìbò yàn án ní ààrẹ lọ́dún 1848, òfin sì ní kò gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra. Lóru mọ́jú ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, àwọn ọlọ́pàá lọ ń gbé àwọn aṣòfin lórí ibùsùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìwé ìkéde ti wà lára ògiri káàkiri ìgboro pé Louis-Napoléon ti tú ilé aṣòfin ká. Nígbà tó di ọdún kejì, ó sọ ara rẹ̀ di olú-ọba, ó ní Napoléon Kẹta lòun.

Ẹ jẹ́ kó mọ tiwa náà. Lọ́dún 1985, Babangida gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari. Sójà gbà á lọ́wọ́ sójà, ètò ìlú kò yí padà. Coup nìyẹn.

"Kúù déétàà" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu kì í kan p àti t tó gbẹ̀yìn. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ara coup ni s ń lọ: coups d'état. Tí kò bá sì bọ́ sí i fún ẹni tó ṣe é, attempted coup ni kó kọ. Ní oṣù Kejì 1976, wọ́n pa Murtala Muhammed, ṣùgbọ́n ìjọba kò bọ́ sọ́wọ́ Dimka, sójà tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà, àtàwọn tó kó sẹ́yìn.