Mo rí ẹni tó ń ta odídẹrẹ́ lórí Facebook: ṣé kí n rà á ni, àbí kí n fẹjọ́ sùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń rí ẹnì kan lórí Facebook tó ń ta odídẹrẹ́. Ọmọ ẹyẹ mẹ́fà ló kó sínú àpótí kan, ìyẹ́ wọn ò tíì pé lára. Nígbà tí mo béèrè iye tó ń tà á, ó ní òun tún lè bá mi wá ìpẹ́ àkíkà. Àánú àwọn ẹyẹ náà ń ṣe mí, mo fẹ́ ra méjì kí n tú wọn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé bí wọ́n bá mú ẹni náà lónìí, á jáde lọ́la. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n olùtajà ò mọ èyí tí wọ́n fi àánú rà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ṣe fàájì. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjà tà. Owó ẹyẹ méjì tí ẹ bá san ni yóò fi rán ẹni tó ń gun igi padà sínú igbó. Àwọn ọmọ ẹyẹ náà ńkọ́? Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ò pé ò lè fò, kò sì sí ìyá tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ. Ẹ tú u sílẹ̀ lónìí, ikú ni ẹ tú u sí. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹyẹ yìí mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ ti rú òfin, bó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ ọ́: ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ohun tí ẹ rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tí wọ́n ń pè ní CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1973, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀ lé ní 180. Níbi ìpàdé wọn ní Johannesburg lọ́dún 2016, wọ́n gbé odídẹrẹ́ àti gbogbo oríṣi àkíkà mẹ́jọ tó wà láyé sínú ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó láti inú igbó gba ẹnubodè kọjá nítorí òwò. Ṣùgbọ́n àdéhùn kì í fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti wọlé.

Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Mo ti rí i lójú mi kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹjọ́ kan wà tí a kó àpò ìpẹ́ àkíkà wá sí kóòtù. Ọjọ́ tí a gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o, òjò rọ̀, ìpẹ́ náà tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí oṣù bíi mélòó kan fi kọjá, ó ti gbẹ. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní kí wọ́n tún un wọ̀n lójú adájọ́, ó sì fúyẹ́ ju èyí tó wà nínú ìwé lọ. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Níbo ni ìyókù wà?" Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tutù. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a kó o sí ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí ìwé. Ẹjọ́ náà parí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé mímú kọ́ ni ẹjọ́. Ẹ̀rí ni ẹjọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀rí, nítorí náà fóònù ọwọ́ yín ló wúlò, kì í ṣe owó àpò yín.

Ẹ má tíì tẹ ibi tí wọ́n ti ń fẹjọ́ sun Facebook o. Bí wọ́n bá yọ ìkéde náà kúrò, ẹ̀rí bá a lọ nìyẹn, olùtajà á sì fi orúkọ míì ṣí ojú ìwé tuntun kó tó dalẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù yín, kó hàn látòkè délẹ̀, ẹ má gé e: orúkọ, ọjọ́, aago, iye tó ń tà á, nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀. Ẹ da líǹkì ojú ìwé rẹ̀ kọ, torí orúkọ ṣeé yí padà nígbàkigbà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àtirẹ̀ jọ sọ, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Ẹni tó bá pa apá tirẹ̀ rẹ́ ti fún agbẹjọ́rò níbi tó máa dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Á fún un pọ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á tó sá pa mọ́ sínú rẹ̀ á sì sọ nù. Ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, tàbí kí ẹ lo ímeèlì.

Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ náà nínú fọ́tò. Bí wọ́n bá mú un, ó ṣeé ṣe kó ní òun ló ń sin wọ́n, pé inú àgò ni wọ́n pa wọ́n. Ẹni tó ń sin ẹyẹ lọ́nà òfin a máa fi òrùka tí kò ní ojú ìsopọ̀ sí ọmọ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì kéré. Bí ẹsẹ̀ bá ti nípọn tán, òrùka náà ò ṣeé bọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fi sí ẹyẹ tó ti dàgbà. Irú irọ́ yìí náà wà nídìí òwò eyín erin: wọ́n á ní ti erin ayé àtijọ́ tó ti run ni. Ẹ gé e, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé, ẹ óò rí ìlà wẹ́wẹ́ tó kọjá lórí ara wọn. Igun ibi tí ìlà méjì ti pàdé a máa là gbàràgàdà lára eyín erin òde òní, ti àtijọ́ a máa há. Ohun tí ojú lè rí nìyẹn, kí a tó débi àyẹ̀wò inú ilé ìwádìí.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má ṣe bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹ má dá ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má tún bi í léèrè ìpẹ́ àkíkà. Àwọn èèyàn yìí lè ṣe yín léṣe, agbẹjọ́rò wọn sì lè ní ẹ̀yin lẹ tan oníbàárà òun sínú ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má bú u nísàlẹ̀ ìkéde rẹ̀, ẹ má pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé "ẹ bá mi wo ìkà èèyàn yìí". Ẹ̀ ń polówó fún un ni, ẹ sì ti ta á lólobó.

Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ẹranko igbó lórílẹ̀-èdè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọjà náà fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí kọjá ẹnubodè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Àwọn kan máa ń kọ̀wé sí INTERPOL, àjọ tó so àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ayé pọ̀. Wọn kì í gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè yín ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ sí àwọn agbófinró àdúgbò, ẹ lọ sí olú-iléeṣẹ́. Kí ẹ tó dárúkọ ara yín rárá, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ kó hàn síta.

Ọmọkùnrin tó ń ta ẹyẹ lórí Facebook yẹn, ẹja wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tó ń sanwó ọkọ̀, tó ní ìwé èké àti ẹni tó ń ṣí géètì fún un, òun ni a ń wá. Ní Tanzania, wọ́n mú obìnrin oníṣòwò kan, Yang Fenglan, tí àwọn oníròyìn ń pè ní Ayaba Eyín Erin, lọ́dún 2015. Ó di ọdún 2019 kí adájọ́ tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé báńkì àti nọ́ńbà fóònù ló ń gbé e dìde. Èyí ló mú kí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ bá kọ sílẹ̀ níyì lójú mi ju ẹyẹ mẹ́fà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ará ìlú ò já mọ́ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló tú àṣírí náà, kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló rí ìròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Basel lórí kíkó ìdọ̀tí olóró kọjá ẹnubodè. Ìlanilọ́yẹ̀ tí mo gbà gbọ́ nìyẹn: kí èèyàn mọ ohun tó ń wò, kó sì mọ ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Pátákó aláwòrán erin rírẹwà ò ṣe bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ìpẹ́ àkíkà fi ṣoògùn, ẹ sọ fún un pé ohun kan náà tí èékánná rẹ̀ fi ṣe ni, àti pé China fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oògùn ìjọba lọ́dún 2020.

Nígbà tí ẹ bá ti fẹjọ́ sùn, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti aago tó gbà á. Nígbà náà lẹ tó lè fẹjọ́ sun Facebook, bí àwọn agbófinró bá ní kí ẹ ṣe é. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pè wọ́n padà. Bí olùtajà yẹn bá sì tún bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ ẹyẹ, ẹ má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán ohun tó kọ.