Iṣẹ́ Wọ̀ Mí Lọ́rùn: Níbo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu màmá mi ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mo sì ń fún wọn ní oúnjẹ àti oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mẹ́ta wà nílẹ̀, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní alẹ́, obì ni mo fi ń lé oorun kí n lè máàkì ìwé, ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ tán, oorun kì í wá mọ́, àyà mi a sì máa lù kìkì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin láti ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n apá mi kò ká a. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni ó tún gbé lé yín lọ́wọ́, ó sì gé kúrò nínú oorun tí kò tó tẹ́lẹ̀. Àṣà kékeré tí yóò bá yín lára mu ni èyí tí ẹ lè so mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Obì ni kí a kọ́kọ́ mú. Káfíìnì, èròjà tí ń lé oorun tí ó wà nínú kọfí, wà nínú obì náà, ìdajì rẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nítorí náà obì tí ẹ jẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lára yín ní aago méjì òru, ó sì lè wà lára ohun tí ń mú kí àyà yín máa lù. Ẹ jẹ́ kí ó mọ sí ọ̀sán. Ní ti ìwé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pààrọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì, kí ẹ sì jọ máàkì èyí tí ó bá rọrùn níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀, bí ẹ bá ti gbé omi ìwẹ̀ màmá kaná, ẹ jókòó sórí àpótí nídìí sítóòfù, ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ fi imú mí sínú títí ẹ ó fi ka ení dé ẹẹ́rin, kí ẹ sì rọra mí síta títí ẹ ó fi kà dé ẹẹ́fà, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú lílù rẹ̀, ìdí nìyí tí mímí síta fi yẹ kí ó gùn jù. Iná ni yóò mú omi gbóná, kì í ṣe ìdúró yín. Ìṣẹ́jú yẹn ti wà nílẹ̀ fún yín láti fi sinmi.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete pé kò sí àṣà kékeré tí ó lè rọ́pò ènìyàn. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní àwọn abúlé tí ó yí Àró ká, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí ẹbí aláìsàn bá a wá, kí wọ́n sì jọ máa gbé. Ilé ìwòsàn pàápàá kò dá ẹrù náà gbé. Ẹ kò mẹ́nu ba ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní wọn, ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n máa ran yín lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ ọjọ́ àti iṣẹ́: “Sátidé ni kí o máa wá wẹ màmá, kí o sì dúró tì wọ́n títí di ọ̀sán.”

Bí ìbànújẹ́ tàbí àìsùn bá wá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú bá sì wọlé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ní ti àyà tí ń lù, ẹ má ṣe gbà pé àárẹ̀ lásán ni. Nígbà tí ẹ bá gbé màmá lọ fún àyẹ̀wò ìfúnpá, ẹ na apá tiyín náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ àyà náà fún nọ́ọ̀sì.