Ohun tí tajá-tẹran ti mọ̀, kí ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Mo ní kọ́sítọ́mà kan tó jẹ́ ará Ṣáínà, ó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń fi dánra wò. Lọ́jọ́ kan ó ní "It is common sense that Olumo Rock is in Abeokuta." Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó, àmọ́ nígbà tó ní kí n sọ ibi tóun ti ṣì í, mi ò rí i sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, mà. "Common knowledge" ló yẹ kó sọ. Ẹ má dá a lẹ́bi rárá, inú èdè tiẹ̀ ló ti gbé e wá: àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan, chángshí, òun ni wọ́n ń lò fún làákàyè téèyàn fi ń ṣe nǹkan, òun náà ni wọ́n tún ń lò fún ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, ó di kó wá Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kó mú èyí tí ò bá a mu. Àwa ò pa méjèèjì pọ̀, òyìnbó náà ò pa á pọ̀, ìdí nìyẹn tí etí yín fi tètè gbọ́ ọ.

Ẹ fi ọjà yín ṣàlàyé fún un. Ẹ mú àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, tómi ṣì ń ro lára ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó lè sá a lé aṣọ funfun lórí. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá kọ́ ọ kó tó mọ̀ pé aró á ràn án, "common sense" nìyẹn. Ẹ wá mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tí wọ́n fi ya ọnà ara ẹ̀. Bó ti wù kó ronú tó, kò lè ronú kan láfún àti ìyẹ́ adìẹ àfi tẹ́nì kan bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ọmọ kékeré ní Ìtòkú mọ̀ ọ́n. "It is common knowledge in Itoku."

Kó má sọ "a common knowledge" o, àwa gan-an ń ṣì í sọ gan-an. Tó bá ń fẹ́ èyí tó jọ ọ́ nílé, ẹ pe zhòng suǒ zhōu zhī fún un, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni, ojú ẹ̀ á là. "Open secret" yàtọ̀ ní tiẹ̀, ìyẹn lọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ tó sì ti tú síta, àmọ́ wọ́n ní irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, gōngkāi de mìmì, ìyẹn ò ní dà á láàmú.

Kó wá tún tiẹ̀ kọ: "It is common knowledge that Olumo Rock is in Abeokuta."