Ta Ló Wọ́gi Lé E?

"Àǹtí mi, onílé já mi kulẹ̀ nígbà tí ìsinmi wa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án." Báyìí lo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ. O ní o gba ilé kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o sì ti sanwó. Onílé pè ọ́ lórí fóònù, ó ní páìpù bẹ́, omi gba gbogbo ilé. Ìdajì owó rẹ péré ló padà wá. Lọ́jọ́ kejì, ilé náà tún wà lórí ìkànnì fún ọjọ́ kan náà, owó rẹ̀ sì ti lé sí i. O wá ń bi mí bóyá kí o gbé àwòrán onílé náà sórí Facebook kí gbogbo ayé rí i.

Ìlà kan wà tí o sáré kọjá: "Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wọ́gi lé e láti ọ̀dọ̀ tèmi, pé ìyẹn ló máa yá jù, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀."

O sì ṣe bẹ́ẹ̀! Onílé kọ́ ló wọ́gi lé e nígbà náà, ìwọ ni. Lójú ìkànnì, kò sí páìpù kankan tó bẹ́. Àlejò kan ló yí ọkàn padà, onílé sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìlànà ìdápadà owó tí o gbà nígbà tí o ń sanwó ni wọ́n tẹ̀ lé.

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi. Ohùn onílé á máa gbọ̀n, á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi", ẹni tó ti sanwó á wá máa káàánú ẹni tó ń lé e síta. O ní ojú tì ọ́ láti sọ pé rárá. Ojú ń tì ọ́ fún ẹni tí o ò rí rí!

Wo ohun tí ẹ̀bẹ̀ yẹn wà fún. Lórí Airbnb, bí àpẹẹrẹ, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń gba ilé fún ọjọ́ díẹ̀, onílé tó bá fúnra rẹ̀ wọ́gi lé e nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án lè san ìtanràn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ibùgbé náà. Bó bá ku wákàtí 48 tàbí kó dín, ó di ìdá 50. Wọ́n tún lè ti àwọn ọjọ́ yẹn pa lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, kó má lè fi wọ́n fún ẹlòmíràn. Owó rẹ á padà pátá, tàbí kí wọ́n bá ọ wá ilé tó jọ ọ́ bó bá wà. Bó bá jẹ́ àlejò ló wọ́gi lé e, ọjọ́ á ṣí sílẹ̀ fún títà. Ìdajì owó lọ́wọ́ tìrẹ, odindi lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé ọ: ó ta ilé kan lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Bí páìpù bá sì bẹ́ lóòótọ́, ó lè fi ẹ̀rí hàn wọ́n, kí wọ́n fi ìtanràn jì í. Kí ló wá ń bẹ̀ ọ́ sí?

Má pè é mọ́. Kọ̀wé sí i lórí ìkànnì náà gan-an, kì í ṣe lórí WhatsApp: "Ẹ pè mí pé páìpù bẹ́, ẹ ní kí n wọ́gi lé e, mo sì ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìdajì owó mi tó kù padà." Má bú u o. Bó bá dáhùn pé "ẹ má bínú nípa ọ̀rọ̀ páìpù yẹn", ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ya àwòrán ìdáhùn náà, ya ti ilé tó tún gbé jáde, kí ọjọ́ àti iye owó hàn, kí o fi àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù rẹ kún un. Kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìkànnì. N ò ṣèlérí pé wọ́n á gbà, torí lórí fóònù ló ti bá ọ sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí onílé mìíràn bá tún gbé irú rẹ̀ wá, sọ fún un pé kó wọ́gi lé e láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kí o pa fóònù.

Ní ti Facebook, kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀? Pé o wọ́gi lé ilé tí o fọwọ́ ara rẹ gbà?

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà pátápátá lo ti wá dárúkọ màmá rẹ, tí kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sì ń bá yín lọ. O ò sọ ibi tí wọ́n máa sùn. Wá ilé mìíràn lálẹ́ òní, èyí tó ṣeé wọ́gi lé láìsan kọ́bọ̀, kí o sì bi onílé, lórí ìkànnì, bóyá ìsàlẹ̀ ni yàrá wà.